Kéèjì Kì í Ṣe Ẹ̀wọ̀n: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Ajá Tuntun

Ní oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tí ó ti fa ẹkún wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọmọ ajá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé, àti ti kéèjì tí a fẹ́ máa fi í sí.

Nítorí àwọn olè, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin ajá. Bí a ṣe máa ń ṣe é kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Baálé ilé yóò ra ọmọ ajá, yóò ní kí wẹ́dà bá òun jó irin pọ̀ ṣe kéèjì, wọn yóò gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, wọn yóò sì ti ọmọ ajá náà mọ́ ibẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí ó bá ké, wọn a fi ìgbálẹ̀ gbá kéèjì náà gbàràgbàrà. Àwọn ọmọdé a máa fi igi gún un láàárín irin, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọn tó máa tú u sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ilé. Nígbà tí ó bá fi máa pé ọdún méjì, ajá náà ti di abìjà, kò sí ẹni tí ó lè sún mọ́ ọn àfi ẹni tí ń fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbàgbé láti ti ìlẹ̀kùn kéèjì, ọmọ aládùúgbò sì wọlé wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ó bọ́ sínú ọgbà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e.

Àwọn ènìyàn a ní ajá náà burú. Ṣùgbọ́n kò burú ní ọjọ́ tí ó dé. Bí a ṣe lo kéèjì ni ó bà á jẹ́. Kéèjì kan náà yìí, bí a bá lò ó bí ó ti yẹ, òun ni yóò kọ́ ajá ní ìmọ́tótó, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìgbọràn.

KÉKERÉ NI A TI Ń PẸ̀KA ÌRÓKÒ

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ti ajá, ìgbà kékeré náà kò gùn rárá. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí i ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù àti ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù: ọwọ́ ènìyàn, ariwo ọmọdé, ìró mọ́tò, àlejò tí ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tí kò yẹ kí a já ọmọ ajá gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀sẹ̀ 6 péré ni ó kù fún yín nínú àkókò náà. Ajá tí ó bá lo ọ̀sẹ̀ 6 yẹn ní ẹ̀yìnkùlé láìrí ẹnikẹ́ni, ọ̀tá ni yóò máa fi gbogbo ènìyàn pè.

Ẹ tún jẹ́ kí a mọ èyí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni ọmọ ajá ti ń rìn kúrò níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ń sùn kí ó tó tọ̀. Kò fẹ́ ẹ̀gbin níbi tí ó ń sùn sí. Ìwà àbínibí yìí ni kéèjì ń bá ṣiṣẹ́: bí ajá bá gbà pé kéèjì ni yàrá òun, yóò máa di ìtọ̀ rẹ̀ mú títí ẹ ó fi mú un jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tì í mọ́ inú ẹ̀gbin títí ó fi mọ́ ọn lára, ìwà rere yẹn yóò bàjẹ́, ó sì ṣòro láti tún un ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ ajá lẹ́bàá títì, ẹ kọ́kọ́ wo inú kéèjì ẹni tí ń tà á.

IRÚ KÉÈJÌ TÍ Ó YẸ

Kéèjì tí ó tó ni èyí tí ajá lè dìde dúró nínú rẹ̀ láìforí kan òkè, tí ó lè yí padà, tí ó sì lè nà gbalaja. Bí ó bá tóbi jù fún ọmọ ajá, yóò sùn ní igun kan, yóò sì sọ igun kejì di ilé ìgbẹ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé ajá àgbà ni àwọn wẹ́dà máa ń wọn kéèjì fún, ẹ fi pákó dí apá kan rẹ̀, kí ẹ sì máa sún pákó náà sẹ́yìn bí ajá bá ti ń dàgbà. Kí àárín irin má fẹ̀ tó èyí tí orí ọmọ ajá lè há sí. Bí ó bá jẹ́ pé irin ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ tẹ́ pákó sí i kí irin má baà pa á lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ àlòkù lé e.

Ibi tí ẹ gbé e sí ṣe pàtàkì. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí gúlegúle pẹ̀lú ahọ́n níta ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Kéèjì tí oòrùn ọ̀sán ń pa lábẹ́ páànù lè pa ajá kí ẹ tó ti ọjà dé. Ẹ gbé e síbi tí ìbòji àti atẹ́gùn wà, kí omi sì wà nítòsí. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ láé. Èéfín tí ń pa ènìyàn ń pa ajá pẹ̀lú, èyí tí a sì tì mọ́lé kò lè sá. Ẹ bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ kí ó tó wọlé, kí ó má baà kọ́ irin kí ó sì fún un lọ́rùn.

BÍ Ẹ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

1. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ so ìlẹ̀kùn kéèjì sẹ́yìn kí ó má baà pa dé gbàmù. Ẹ ju ẹran bíbọ̀ kékeré tí kò ní iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ẹ ju òmíràn sí inú. Ẹ má tì í wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó wọlé kí ó sì jáde bí ó ti wù ú.

2. Inú kéèjì ni kí ó ti máa jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣí i ní kété tí ó bá jẹun tán.

3. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bíi “Wọlé.” Kí bàbá, ìyá àti ọmọ máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Bí tọkọtaya kò bá sọ ohun kan náà, ọmọ tiwọn gan-an kì í mọ èyí tí yóò gbọ́, ká má tíì sọ ti ajá.

4. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá fara balẹ̀, ẹ jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

5. Bí ó bá ti jáde, ẹ gbé e lọ tààrà sí ibi kan náà tí ẹ fẹ́ kí ó ti máa tọ̀. Bí ó bá ti tọ̀ tán, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tọ̀ sínú ilé, ẹ nù ún. Kí ẹ má ṣe fi imú rẹ̀ ra ilẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ̀rù yín nìkan ni yóò máa bà á.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe ti ajá mọ́ kéèjì nítorí pé inú ń bí yín sí i. Ọjọ́ tí kéèjì bá di ibi ìyà ni kò ti jẹ́ yàrá mọ́. Kí àwọn ọmọ náà mọ̀ pé bí ajá bá ti wà ní yàrá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ tàbí igi bọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi ọmọ kékeré àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan.

WÁKÀTÍ MÉLÒÓ?

Ẹ ka iye oṣù tí ajá jẹ́, kí ẹ fi 1 kún un: wákàtí tí ó lè fi di ìtọ̀ mú nìyẹn, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti oṣù 2 jẹ́ wákàtí 3, ti oṣù 3 jẹ́ wákàtí 4. Nísinsìnyí, ẹ ronú nípa ọjọ́ Ìsinmi wa. Bí a bá kúrò nílé ní aago 7 àárọ̀ tí a kò sì padà títí di aago 2 ọ̀sán, wákàtí 7 ni. Ọmọ ajá kékeré kò lè fara da ìyẹn. Kí ẹnì kan nínú aládùúgbò bá yín mú un jáde, tàbí kí ẹ fi pákó ké igun kan sọ́tọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ ṣí kéèjì sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ìwé ìròyìn sí ọ̀kánkán fún ìtọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún alẹ́ ìṣọ́ òru. Bí ajá bá tilẹ̀ dàgbà, kéèjì kì í ṣe ibi tí yóò ti máa lo gbogbo ọ̀sán. Ní ilẹ̀ Sweden, òfin kò gbà kí ènìyàn sọ irú kéèjì bẹ́ẹ̀ di ibùgbé ajá nínú ilé.

Ní ti ẹkún òru, ẹ má bínú sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sùn láìsí ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá lè gba àkísà tí òórùn ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, ẹ fi sí kéèjì. Ẹ gbé kéèjì sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn yàrá yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ máa sún un lọ síbi tí ẹ fẹ́. Bí ó bá ké tí ó sì ti pẹ́ tí ó ti tọ̀, ẹ mú un jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má bá a ṣeré, kí ẹ sì dá a padà. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán, ẹ dúró kí ó dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀RỌ̀ DÌGBÒLUGI

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn nìyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 59 ènìyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ajá ni ó sì ń kó o ran èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọdé pọ̀ láàárín wọn. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ajá láti oṣù 3, kí a sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ti wí. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ajá tí ó mọ kéèjì ní yàrá rẹ̀, ó rọrùn láti gbé lọ gba abẹ́rẹ́. Èyí tí a ti sọ di ẹhànnà, ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà láìgba abẹ́rẹ́, òun gan-an ni yóò sì bu ènìyàn jẹ.

Bí ajá kan bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Ẹ má sì sáré pa ajá náà bí a bá lè tì í mọ́lé láìséwu. Kí dókítà ẹran máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bu jẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 10 náà kí ó tó gba ìtọ́jú.

Ìwé Òwe orí 12 ẹsẹ 10 fi hàn pé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn wà lára ìwà olódodo. Nítorí náà, kí ọmọ ajá tó wọ ilé yín, ẹ pe gbogbo ará ilé jọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa pè é wọlé, ibi tí kéèjì yóò wà, ẹni tí yóò máa jí mú un jáde lóru, àti ọjọ́ tí yóò gba abẹ́rẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè jí, ẹ jẹ́ kí ajá náà ṣì dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olúwa máa ṣọ́ ilé yín.