Agbára Kọ́, Ìbomilà Ni: Lórí Títúmọ̀ Hòmíópátì fún Aláìsàn

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé pélébé kan tọ̀ mí wá pé kí n bá wọn yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ni wọ́n kọ ọ́ fún, hòmíópátì ni ó sì dá lé. Yorùbá inú rẹ̀ já gaara; ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ gbọ́ èdè, ó sì mọ àmì ohùn í fi sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sí i. Ó pe hòmíópátì ní “ìṣègùn ewé àti egbò ti àwọn ará Jámánì”, ó sì túmọ̀ nọ́ńbà tí ó wà lára ìgò oògùn sí “agbára”. Mo kọ̀wé sí wọn, a jọ jiyàn, wọn kò gbà. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé aláìsàn ni yóò fara gba irú àṣìtumọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.

Samuel Hahnemann, oníṣègùn ará Jámánì tí a bí ní 1755, ni ó dá ọ̀nà ìṣègùn yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ ọ́ pé ògbufọ̀ ni òun náà. Ní 1790, bí ó ti ń túmọ̀ ìwé William Cullen, oníṣègùn ará Skọ́tíláńdì, sí èdè Jámánì, kò fara mọ́ ohun tí ó kà níbẹ̀ nípa èèpo igi tí a ti ń rí kuníìnì. Ó bá jẹ èèpo náà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, ó sì ní ohun tí ó ṣe òun jọ ibà. Láti ibẹ̀ ni ó ti wá gbà pé ohunkóhun tí ó bá mú kí ara ẹni tí ó le ṣe bí ẹni pé àrùn kan ń ṣe é, òun náà ni yóò wo àrùn tí ó jọ ọ́ sàn. Ó tẹ èrò yìí jáde ní 1796, ó sì kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1810. Èmi kò bá a jà. Ní ayé ìgbà náà, àwọn dókítà a máa fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn títí yóò fi dákú, wọn a sì máa fún un ní mẹ́kúrì jẹ; ẹni tí oògùn tirẹ̀ kò bá ṣe ohunkóhun ti ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n lónìí a mọ̀ pé kuníìnì ń wo ibà nítorí pé ó ń pa kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀. Ìjọra kọ́ ni ó fà á.

Bí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà gan-an ni ó yẹ kí ògbufọ̀ mọ̀ kí ó tó mú gègé. Wọn a mú ẹ̀kán kan nínú omi ohun tí wọ́n fẹ́ lò, wọn a fi í sínú ẹ̀kán 99 omi tàbí ọtí líle, wọn a mì í jìgìjìgì. Èyí ni wọ́n ń pè ní 1C. Wọn a tún mú ẹ̀kán kan nínú èyí, wọn a fi í sínú ẹ̀kán 99 mìíràn, ó di 2C, ẹyọ kan nínú 10,000. Ní 3C, ó di ẹyọ kan nínú 1,000,000. Ní 12C, òǹkà náà ti di 1 tí òdo 24 tẹ̀ lé. Bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní móòlù kan, mólékù inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 6 tí òdo 23 tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí a bá ti kọjá 12C, ó ṣòro kí mólékù kan ṣoṣo ṣẹ́ kù nínú ìgò. Bẹ́ẹ̀ 30C ni ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Omi yìí ni wọ́n ń kán sára hóró ṣúgà, hóró ṣúgà náà ni aláìsàn ń lá.

Ta ni ó wá lè pe èyí ní ewé àti egbò? Àgbo ilé wa ní àwọ̀, ó ní òórùn, ó korò. Ẹni tí ó sè é mọ iye èèpo tí ó kó sínú ìkòkò, bí ó bá sì pọ̀ jù, ikùn ẹni tí ó mu ún yóò sọ fún un. Kì í sì í ṣe ewé nìkan ni wọ́n ń lò. Oògùn ọ̀fìnkìn hòmíópátì kan wà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì bomi là á dé 200C. Bí ìyá àgbà kan bá gbọ́ “ewé àti egbò”, ohun tí ó ti mọ̀ láti kékeré ni yóò wá sí i lọ́kàn, yóò sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò sí nínú ìgò.

“Agbára” burú ju ìyẹn lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn onísẹ́ hòmíópátì fúnra wọn ń lò túmọ̀ sí agbára, nítorí wọ́n gbà pé bí a bá ṣe ń bomi là á tí a sì ń mì í tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń le sí i. Ìgbàgbọ́ ni èyí. Ohun tí nọ́ńbà náà ń kà ni iye ìgbà tí a bomi là á. Ẹ wo aláìsàn tí ó mú ìgò méjì dání, tí ọ̀kan jẹ́ “agbára 6”, tí èkejì jẹ́ “agbára 200”. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, èwo ni yóò mú? Èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni yóò mú, yóò sì sùn fọnfọn nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀. Ní 2006, oníròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé àwọn ilé hòmíópátì kan ń fún arìnrìn-àjò ní irú oògùn yìí dípò oògùn tí ó ń dènà ibà. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìlú ọba, tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé fún ọdún Kérésì, wà lára àwọn tí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè pa.

Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi hòmíópátì wo ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò àrùn Éèdì tàbí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ìwádìí ìlera ní Ọsirélíà sọ pé kò sí àìsàn kan tí ẹ̀rí tí ó ṣeé fọkàn tẹ̀ fi hàn pé hòmíópátì ń wò. Ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn dókítà rẹ̀ níyànjú ní 2017 pé kí wọ́n yé kọ ọ́ fún aláìsàn, Faransé náà sì dá owó tí ìjọba ń dá padà lórí rẹ̀ dúró ní 2021.

Mo gbà pé onísẹ́ hòmíópátì a máa jókòó ti aláìsàn pẹ́, a máa bi í nípa oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀. Dókítà ọsibítù ìjọba kì í ráyè bẹ́ẹ̀, ara a sì máa tu ẹni tí a bá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìtura ni mo pe ìyẹn. Àmọ́ kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Ìwé pélébé náà tún sọ pé bí àìsàn bá le sí i lẹ́yìn tí a lo oògùn náà, àmì ìwòsàn ni. Ibí yìí ni ẹ̀rù bà mí jù. Àìsàn tí ó le sí i ti le sí i nìyẹn. Kí á gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Kí á má sì rò pé gbogbo rẹ̀ ni omi lásán: èyí tí a kò bomi là púpọ̀ lè ní oró nínú. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé belladonna, ewéko olóró kan, wà nínú hóró hòmíópátì kan tí wọ́n ń fún ọmọ tí ń hu eyín, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì dọ́gba láti hóró kan sí èkejì.

Ní ti orúkọ, àwọn kan ti dábàá “ìfìjọrawòsàn” fún mi. Ó bá ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Gíríìkì mu, ó sì dùn ún gbọ́. Èmi kò fẹ́ ẹ, nítorí pé “sàn” tí ó wà nídìí rẹ̀ ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Kí á fi í sílẹ̀ ní àyálò, “hòmíópátì”, kí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè béèrè pé kí ni ìyẹn. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni kí á túmọ̀. “Ìbomilà” ni kí á lò fún ohun tí ìwé náà pè ní agbára: “ìbomilà ọlọ́gọ́rùn-ún” fún C, “ìbomilà ẹlẹ́wàá” fún X, èyí tí àwọn ará Jámánì ń kọ ní D. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ìwé pélébé náà, ohun tí màá kọ síbi tí 30C wà ni pé: “A ti bomi la oògùn yìí ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nígbà 30.”