Fèrèsé Kì í Ṣe Ìrọ̀rí

Ìwà kan wà tí àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé ń hù nínú ọkọ̀ òfurufú, tí ó yẹ kí á bá ara wa wí lé lórí. Ènìyàn yóò gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá, ìrìn-àjò tí kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Kí bàálù tó kúrò nílẹ̀, ó ti fi orí ti ògiri, ó ti ń hanrun. Bí ọmọdé tí ó jókòó tì í bá na ọrùn láti wo ìta, yóò fi ojú burúkú wò ó, bí ẹni pé àìlajú ni kí ènìyàn máa wo ilẹ̀ tí a bí i sí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀làjú, ojú tí ó là ni. Ẹni tí ó di ojú ni kò lajú.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Alímọ̀ṣọ́, ilẹ̀ Àwórì, wà ní ìwọ̀-oòrùn pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ọ̀nà tí bàálù ń sá lé níbẹ̀ nà láti àríwá sí gúúsù. Nítorí náà, bí bàálù bá kọjú sí gúúsù láti balẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgàndó wà. Bí ó bá kọjú sí àríwá, ọwọ́ òsì ni. Nínú bàálù tí ó ní ìjókòó mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, lẹ́tà A ni fèrèsé òsì, F ni ti ọ̀tún. Kí ẹ yẹra fún ìtòsí ìyẹ́, nítorí a máa dí ojú. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ lè má rí nǹkan kan. Lẹ́yìn òjò ni ojú ọ̀run ń mọ́.

Wọn yóò ní, “Kí ni ó wà níbẹ̀ tí a fẹ́ wò, bí kò ṣe páànù tí ó ti dípẹtà?” Bí ó bá jẹ́ London ni, àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ ya fọ́tò! Ẹni tí ó wà nínú dánfó ní Ìgàndó, tí ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ààtàn Solous, imú ni ó ń dì. Ó mọ òórùn rẹ̀, kò mọ bí ilé ti yí i ká tó. Ẹni tí ó há sí àárín ọjà Ìkòtún, ẹ̀yìn ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń rí. Láti òkè ni a ti ń rí bí òrùlé ti so mọ́ òrùlé, bí igi ti ṣọ̀wọ́n tó, àti bí ilé ti ń wọ inú irà tí omi òjò ìbá gbà kọjá.

Ní ọdún 2006, ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ sọ pé ènìyàn 1,277,714 ni ó wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní 2,047,026. Fèrèsé kò lè parí ìjà yìí, nítorí a kì í ka orí láti orí òrùlé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù nínú iye méjèèjì pọ̀ ju ohun tí à ń pè ní páànù tí ó dípẹtà lọ.

Òmíràn a ní àárẹ̀ ni ó mú òun, àti pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ẹnikẹ́ni kò ti ní jí òun láti kọjá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàálù bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ a máa ní kí á ṣí ìbòjú fèrèsé sílẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ilẹ̀ sún mọ́ ojú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ó sun ìyókù. Bí kò bá sì lè ṣe é, kí ó fi àyè náà sílẹ̀ fún ọmọdé tí ó ń na ọrùn.

Nínú wa ni àwọn tí yóò la ọ̀nà, tí yóò gbẹ́ gọ́tà, tí yóò fi ọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ní Alímọ̀ṣọ́ yóò ti jáde. Ilé ni a ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Báwo ni ẹni tí ó fò kọjá lórí ilé, tí ó sì ń sùn, yóò ṣe mọ orúkọ tí ó yẹ ọmọ?