Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Coolock: Wíwọlé Ò Le, Píparí Ni Iṣẹ́ Wà

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn Leaving Cert ni mo gbé wá lónìí, pàápàá àwọn tó ń kàwé ní Coláiste Dhúlaigh, ní Barryscourt Road ní Coolock níbí. Àwọn kan nínú wa ṣì ń fojú tín-ín-rín wo PLC. Wọ́n á ní, "Ibẹ̀ náà lọmọ ẹ wà? Ṣé kò rí yunifásítì wọ̀ ni?" Ẹnu wọn nìyẹn. Akáǹtáǹtì ni mí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

€200 tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PLC, ìjọba ti fagi lé e láti ọdún 2022. Ní yunifásítì, €3,000 lọ́dún ni iye tó wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó yọ €500 kúrò níbẹ̀ ní 2025. Ọmọ tó bá gba ìwé ẹ̀rí QQI Level 5 pé pérépéré lè fi wọ yunifásítì. Lóòótọ́, 390 ni ojú àmì tó pọ̀ jù tí CAO ń fún un, nígbà tí ti Leaving Cert lè dé 625. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀sì kan wà tó ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó gba ọ̀nà yìí wá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì táwa Yorùbá fẹ́ràn sì wà lára wọn.

Ìwé ẹ̀rí yẹn gbọ́dọ̀ pé o. Mójù 8 ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ tó bá ṣe 7 kò tíì ní nǹkan tó máa gbé fún CAO. Owó ìrànwọ́ SUSI náà ń wo bóyá ọmọ ń wá sí kíláàsì. Tó bá pòórá, owó náà dúró nìyẹn. Tó bá sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kì í sábà sanwó ẹ̀ẹ̀mejì fún un. Ẹ ò rí i pé gbèsè méjì ni?

Nínú àwọn tí mo ti rí tó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò gbé e kò pọ̀. Bó ṣe máa ń rí ni pé níbi iṣẹ́ tọ́mọ ti ń wá owó péńpé, wọ́n á fi shift kún shift fún un kí Kérésì tó dé. Tó bá fi máa di January, àsáìnmẹ́ǹtì méjì ti kọjá. Ojú á wá máa tì í láti rí tíṣà. Ìyá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó rí i tó gbé báàgì kọ́ apá jáde láàárọ̀, ó ṣe bí ilé-ìwé ló ń lọ. Ọmọ ọdún 18 ti dàgbà lójú òfin, kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní ṣàdédé pe yín láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dán ọ̀nà àbáyọ kan wò. Àwọn community college ìlú New York, tí wọ́n fara jọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa yìí díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASAP ní 2007, lábẹ́ CUNY. Wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní káàdì ọkọ̀ ọ̀fẹ́ àti owó ìwé, wọ́n sì yan agbaninímọ̀ràn kan fún un tó gbọ́dọ̀ máa rí déédéé. Àwọn olùwádìí MDRC wá ṣẹ́ gègé, wọ́n fi àwọn kan sínú ètò náà, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú ètò ló ti gboyè. Nínú àwọn yòókù, 22 péré ni. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé, bí wọ́n tiẹ̀ náwó púpọ̀ sí i lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá pín gbogbo owó náà fún iye àwọn tó gboyè, iye tó ná wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Àwa náà lè ṣe é níwọ̀nba. Ẹ bá ọmọ fi owó sí káàdì Leap rẹ̀ lóṣooṣù, kó lè dín shift kan kù. Ẹ má béèrè pé "ilé-ìwé ńkọ́?", torí "dáadáa ni" ló máa dáhùn. Ẹ béèrè mójù wo ló kù, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba àsáìnmẹ́ǹtì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún (èmi náà ń rà) lè yan àgbà kan fún ọmọ márùn-ún, kó máa pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún wúlò nígbà tí ìlú bá gbóná, bíi July 2024 tí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Coolock, níbi tí ilé-iṣẹ́ Crown Paints wà tẹ́lẹ̀, tẹ́rù ń ba ọ̀pọ̀ ìyá láti jẹ́ kọ́mọ jáde.

Ẹni tó ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ńkọ́? Mójù tó bá ti yege nínú rẹ̀ ò sọnù, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ QQI, ó sì lè ṣe ìyókù kún un. Kó lọ rí guidance counsellor kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kí September tó dé, kó mú èsì rẹ̀ dání, kó béèrè èwo ló kù. Tójú bá ń tì í, ẹ bá a lọ.