"Ó Ṣáà Ń Ṣiṣẹ́" Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́

Ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ni ibùjókòó Institut Africain d'Informatique wà, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà kan pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Benin àti Togo, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, jẹ́ ara àwọn tí ó ni ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ní Libreville, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, kò ní í pẹ́ pàdé ẹ̀rọ kékeré méjì: Arduino Uno àti Raspberry Pi. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Fólítì 5 ni Arduino Uno fi ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", fólítì 3.3 ni Raspberry Pi fi ń sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ kan a sì wí pé, "Ẹ so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kọ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun náà ni ó sì mú un léwu. Bí Raspberry Pi bá ń sọ̀rọ̀ sí Arduino, Arduino lè gbọ́, nítorí pé láti fólítì 3 lọ sókè ni ó ti ń ka àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ṣùgbọ́n fólítì 0.3 péré ni ó wà láàárín gbígbọ́ àti àìgbọ́. Ìdàrúdàpọ̀ díẹ̀ lórí wáyà lè gbà á. Bí Arduino bá wá ń sọ̀rọ̀ sí Raspberry Pi, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó di ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé ewúrẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà lè má kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lè ti máa bàjẹ́.

Wọn a ní àwọn ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sì sí ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó fo odò já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò tíì sọ odò di ilẹ̀. Ẹ wo 74HC àti 74HCT. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Bí a bá fi fólítì 5 bọ́ àwọn méjèèjì, HCT yóò gba fólítì 2 ní "bẹ́ẹ̀ ni", ṣùgbọ́n HC ń bèèrè nǹkan bíi 3.5, fólítì 3.3 kò tó o. Ọmọ tí a kọ́ ní "ó ṣáà ń ṣiṣẹ́" yóò di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ta ọjà fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Kí àmì fólítì 5 gba inú rẹ̀sísítọ̀ 1,000 óòmù dé ẹsẹ̀ Raspberry Pi, kí a sì fi rẹ̀sísítọ̀ 2,000 so ojú ibẹ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀. 5 yóò di nǹkan bíi 3.3. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lórí wáyà kan náà, bíi ti I2C, èyí kò tó. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ tí ń yí fólítì padà sí ìhà méjèèjì ni kí a lò. Kí wáyà ilẹ̀ àwọn méjèèjì sì so pọ̀. Kí ni owó rẹ̀sísítọ̀ méjì já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Raspberry Pi tí a kó gba ojú òkun wá sí Libreville tàbí Èkó?

Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ láti ka ìwé ẹ̀rọ, kí ó sì wọn fólítì kí ó tó so wáyà, ti fún un ní ohun tí iná kò lè jó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.