Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ìbéèrè Alárinà

Bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wá sílé, àwọn àgbà wa ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, a máa rán alárinà lọ wádìí: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ ní ilé náà, ṣé kò sí wèrè? Àwa kò kórìíra ìwádìí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ìbéèrè kejì yìí ni ó ń mú òbí ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá mọ́ inú yàrá.

Ẹ wo ọmọ ọdún 16 kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò sùn, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, ó sì ń fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Nígbà tí ó ṣe, kò lè dìde wẹ̀ mọ́. Bipolar ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí, ìgbà èwe ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àjogúnbá wà nínú rẹ̀; ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíìnì kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré. Nínú àwọn ọmọ 100 tí òbí wọn kan ní àrùn náà, bí 10 ni ó ń mú. Kí alárinà kà á dáadáa: 90 bọ́.

Ẹnyin olùkàwé wa mọ bí ọgbẹ́ ti í wú, tí í sì gbóná nígbà tí ara ń bá àrùn jà. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí, a máa ń rí àmì irú ìjà bẹ́ẹ̀ láìsí ọgbẹ́ kankan. Ní Toronto, ní Kánádà, àwọn dókítà ń yẹ àwọn jíìnì tí ń darí ìjà náà wò, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwòrán ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ti rí ohun tí ó so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n èwo ni ó bí èkejì? Iṣẹ́ ṣì kù. Òyìnbó ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí a ti ṣe irú àyẹ̀wò báyìí fún. Ó yẹ kí tiwa náà wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2018, a kó àwòrán ọpọlọ ènìyàn 6,503 jọ. Èèpo ọpọlọ àwọn aláìsàn fẹ́lẹ́ ju ti àwọn tí ara wọ́n dá lọ. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí ń lo lithium nípọn ju ti àwọn tí kò lò ó. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni oògùn yìí. John Cade ní Ọsirélíà ni ó kéde agbára rẹ̀ ní 1949.

Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nílùú wa níhìn-ín, ó sì ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Ẹni tí ń lo lithium gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ṣeni léṣe. Ọmọbìnrin tí ń lò ó, tí ó sì fẹ́ relé ọkọ, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún. Kí ó má sì dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.