Ọ̀rọ̀ Osu: Òfin Nìkan Kò Tó

Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ọ̀rọ̀ náà, caste, ti wá. Ìran ni wọ́n ń pè ní casta. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ó wà nítòsí wa. Láàárín àwọn Ìgbò, Osu ni ẹni tí wọ́n ya baba ńlá rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ń jogún ẹ̀gàn náà. Ilé aṣòfin Ìlà-Oòrùn fòfin dè é ní ọdún 1956. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, àwọn òbí kan á ní kí ọmọ wọn kọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀. (Kí àwa Yorùbá tó ń wádìí ìdílé kiri má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.) Ọlọ́pàá kì í jókòó sí ìpàdé ẹbí. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.