Oògùn Ilé Ìdáná: Ìwọ̀n Rẹ̀ àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ jùmọ̀ sọ ní ojú ewé yìí lónìí, pàápàá jù lọ àwọn àìsàn kéékèèké tí ó máa ń ṣe ọmọdé àti àgbà nínú ilé: ikọ́, ọ̀fun tí ń dunni, ìgbẹ́ gbuuru, àti iná tí ń jóni lọ́wọ́ níbi tí a ti ń se oúnjẹ.

Gbogbo wa ni a mọ bí owó oògùn ti rí ní àkókò yìí. Ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ apòògùn ńlá nì, GSK, kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn oògùn tí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ láti kékeré gbówó lórí, àwọn mìíràn sì di àwátì. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìyá ti padà sí ilé ìdáná: iyọ̀, oyin, ọsàn wẹ́wẹ́, atalẹ̀, omi gbígbóná. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Kì í ṣe ahun, ọgbọ́n ni. Kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú ìjọ ti ń rò. Nígbà tí ọba Hesekáyà ń ṣàìsàn, tí Ọlọ́run sì ti ṣèlérí pé ara rẹ̀ yóò dá, wòlíì Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé oówo rẹ̀ (2 Ọba 20:7). Àdúrà wà níbẹ̀, èso igi náà sì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń kọ wá lóminú. Àwọn ìyá a máa sọ fún wa lẹ́yìn ìsìn pé, "Pásítọ̀, a ti fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà." Bí a bá wá béèrè pé, "Ṣíbí mélòó ni ẹ fi sí i? Báwo ni omi náà ṣe pọ̀ tó?" èsì tí a sábà máa ń gbà ni pé, "A kàn bù ú sí i ni, sà." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Pé nǹkan kò wọ́n kò ní kí a má wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, kí a tó lo ohunkóhun láti inú ilé ìdáná fún àìsàn, ìbéèrè 3 ni kí a bi ara wa. Èkíní, iṣẹ́ wo gan-an ni nǹkan yìí lè ṣe? Èkejì, kí ni ìwọ̀n rẹ̀? Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ni a ó fi í sílẹ̀, tí a ó sì gba ilé ìwòsàn lọ? A kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn oníṣègùn fi ń kọ́ni ni a kó jọ síbí fún ìrànlọ́wọ́ gbogbo ilé.

1. IYỌ̀ ÀTI ṢÚGÀ FÚN ÌGBẸ́ GBUURU

Kò sí oògùn ilé tí ó ti gba ẹ̀mí là tó èyí. Ní ọdún 1971, ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí, wọ́n sì sá wọ Íńdíà. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ tí wọ́n wà ní ìlú Bongaon. Omi tí wọ́n ń fà sí iṣan àwọn aláìsàn kò kárí mọ́. Dókítà kan, Dilip Mahalanabis, wá po iyọ̀, glúkóòsì àti sódà ìdáná mọ́ omi nínú àgbá, ó sì ní kí àwọn ẹbí máa bù ú fún àwọn ènìyàn wọn mu. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 30 nínú 100 ni ó ń kú. Lẹ́yìn èyí, iye náà wálẹ̀ sí bí 4 nínú 100. Dókítà náà jáde láyé ní ọdún 2022.

Kí ni omi yìí ń ṣe? Kò dá ìgbẹ́ dúró o, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa. Omi tí ìgbẹ́ gbuuru ń fà jáde kúrò lára ni ó ń pa ọmọ. Ṣúgà ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ láti wọ inú ara láti ìfun, omi a sì tẹ̀lé iyọ̀ wọlé. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ yóò tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí mínírà aládùn kò fi dára fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè pa ọmọ.

Èyí tí ó dára jù ni ORS inú ọ̀rá, tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, tí a ń rà ní ilé oògùn. Bí kò bá sí ní ìtòsí, ìwọ̀n tí ilé nìyí: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kí ó tẹ́jú. Kò gbọdọ̀ ga gègèrè. Omi inú ọ̀rá 2 tí wọ́n kọ 50cl sí lára ni ó jẹ́ lítà 1. Kí a tọ́ ọ wò kí a tó fún ọmọ: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá níyọ̀ jù, kí a dà á nù, kí a po òmíràn. Èyí tí ó bá sì ju wákàtí 24 lọ, dídànù ni.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, kí ó mu ìdámẹ́rin ife sí ààbọ̀ ife ńlá nígbàkígbà tí ó bá yàgbẹ́. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ààbọ̀ ife sí odindi. Bí ó bá bì í, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí a tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Kí a má ṣe já ọmú tàbí oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa fi síńkì kún un: mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, mílígíráàmù 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, kí a máa fún un lọ́mú, kí a sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ìgbà wo ni agbára omi yìí parí? Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí ó bá ń sunkún tí omijé kò jáde, bí kò bá tọ̀ mọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ó bá ń tòògbé tí kò lè mu nǹkan. Kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wà ní Nàìjíríà. Àhesọ kan gba orí fóònù kiri lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ará ilé jí ara wọn lójú oorun, wọ́n ń po iyọ̀. Ìwé ìròyìn gbé e jáde pé àwọn kan kú, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn. Iyọ̀ kan náà ni o, èyí tí ó gba ẹ̀mí là ní Bongaon. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an sì yàtọ̀.

2. OYIN ÀTI OMI IYỌ̀ FÚN IKỌ́ ÀTI Ọ̀FUN

Ọ̀pọ̀ ikọ́ tí ó bá ọ̀fìnkìn wá ni yóò lọ fúnra rẹ̀. Oyin gidi, ṣíbí tíì 1 nígbà tí ọmọ bá fẹ́ sùn, a máa mú kí ikọ́ rọlẹ̀ kí ó lè sinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò rárá, bí ó ti wù kí oyin náà dára tó, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò lágbára láti ṣẹ́gun, tí yóò sì sọ ara ọmọ náà di aláìlágbára, títí kan mímí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà, a bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi oyin tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu.

Ní ti ọ̀fun tí ń dun àgbàlagbà, kí a fi ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 1, kí a fi yọ ọ̀fun, kí a sì tu ú dànù. A kì í gbé e mì.

Ibi tí èyí parí sí nìyí. Bí ọmọ bá ń mí fúkẹ́fúkẹ́, kí a wo aago, kí a ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú 1 nígbà tí kò sunkún. Bí ó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, tàbí bí abẹ́ àyà rẹ̀ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ilé ìwòsàn ló kù. Àgbàlagbà tí ó bá sì wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ fée. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

3. OMI TÚTÙ FÚN INÁ

Bí iná bá jóni, tàbí tí omi gbígbóná dà síni lára, omi lásán ni oògùn àkọ́kọ́. Kí ó máa ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, kí a máa fi ife bu omi dà sí i láti inú garawa. Kì í ṣe omi yìnyín. Kì í ṣe ẹyin tútù, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ìwọ̀nyí a máa dá ooru mọ́ ara, wọ́n sì lè kó ìdọ̀tí sí ojú egbò. Bí ó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó jó lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ojú ara, kí a gbé e lọ lẹ́yìn omi náà.

4. OHUN TÍ KÌ Í ṢE KÉKERÉ

Àwọn nǹkan kan wà tí a ń kà mọ́ àìsàn ilé tí kì í ṣe ti ilé rárá. Gìrì ni àkọ́kọ́. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè, tí wọ́n ń dà sí ọmọ lẹ́nu, ti pa ọmọ ní ilé mìíràn. Kí a dùbúlẹ̀ ọmọ ní ẹ̀gbẹ́, kí a má ki ṣíbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a sì gbé e lọ. Ibà ọmọdé ni èkejì. Kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí 24, kí a sì lo oògùn ibà tí wọ́n bá kọ fún un pé. Ọmọ tí ó mu kẹrosíìnì ni ẹ̀kẹta. Kí a má fún un ní epo pupa, kí a má sì mú kó bì, nítorí bí ó bá ń bì, kẹrosíìnì náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ewé ni àwọn bàbá wa lò." Òótọ́ ni, a kò sì kórìíra ewé. Oògùn ibà tí gbogbo ayé ń lò lónìí, láti ara ewé kan ní Ṣáínà ni ó ti wá. Tu Youyou, obìnrin tí ó rí i, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Nínú ìwé ìṣègùn kan tí ó ti pẹ́ ju ọdún 1,500 lọ ni ó ti kà á pé inú omi tútù ni wọ́n ń rẹ ewé náà sí, wọn kì í sè é. Ìgbà tí kò jẹ́ kí ooru pọ̀ jù mọ́ ni agbára rẹ̀ tó hàn. Ẹ ò rí i pé ìwọ̀n náà ni?

5. OWÓ TÍ A FI PAMỌ́

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí. Owó tí a kò ná lórí oògùn ikọ́ olówó gọbọi, níbo ni ó wà? Bí a bá fi ra nǹkan mìíràn, nígbà tí ìṣòro gidi bá dé ní aago 2 òru, a ó tún padà sí ilé ìdáná, kì í ṣe nítorí pé ó tó, bí kò ṣe pé kò sí owó ọkọ̀. Báyìí ni oògùn ilé ṣe ń di ewu: ó ń fi ọjọ́ falẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nítorí náà, kí ọkọ àti aya ní agolo kan nínú ilé. Nígbàkígbà tí oyin tàbí omi iyọ̀ bá gba owó oògùn sílẹ̀, kí wọ́n sọ díẹ̀ sínú agolo náà. Owó ọkọ̀ àti owó káàdì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ mọ ibi tí ó wà, kí ó sì lè mú un láìdúró dè yín.

Bí màmá bá sì wà nílé tí wọ́n ní àgbo nìkan tó, ẹ má fi àrífín dá wọn lóhùn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ tọ́ wa dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò ó. Ẹ bá wa gbé e dání ká jọ lọ." Ìyá àgbà tí ó bá gbé ọmọ dání lọ kì í dènà ọ̀nà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gé páálí kékeré kan, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: LÍTÀ 1, ṢÚGÀ 6, IYỌ̀ ÀÀBỌ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí iyọ̀ wà, kí ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá lè kà á nígbà tí ẹ kò bá sí nílé. Ẹ fi ṣíbí tíì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn.

Kí Olúwa pa àwọn ọmọ wa mọ́, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dìde.